GÍLÁÀSÌ Ẹ̀YÌN FÓÒNÙ ÀTI ORÚKỌ WA NÍ KÁNÒ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti òkú tí a fẹ́ gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn fóònù ni. A mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, ṣé ọ̀rọ̀ ti wá tán lẹ́nu ẹgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wá ku ti gíláàsì? Kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á dé òpin, nítorí ọmọ wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, àwọn baba wa tẹ̀ lé e wá. Iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn mú dání: káfíńtà, télọ̀, ayàwòrán, ẹni tí ń tún aago ṣe. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ lónìí ti yàtọ̀. Ẹ lọ sí Farm Centre, ẹ lọ sí Beirut Road, ẹ ó bá ọmọ Yorùbá nídìí tábìlì kékeré, pẹ̀lú iná lámpù, pẹ̀lú súkúrù wínníwínní, àti bílówà tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Orúkọ ńlá ni, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà wa ń ṣe, kò sí èyí tí ẹjọ́ rẹ̀ ń wá sí etí wa tó ti gíláàsì ẹ̀yìn.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tí a ń wí ni pé, ẹni tí ó bá fẹ́ yọ gíláàsì ẹ̀yìn fóònù ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ fún olóhun kí ó tó fọwọ́ kàn án: irú gíláàsì tí yóò fi rọ́pò, ohun tí fóònù náà yóò pàdánù, àti ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, yálà nítorí pé kò mọ̀ ọ́n tàbí nítorí pé ẹ̀rù owó ń bà á, kí ó má ṣe ṣí i.

Kí a tó bá ọmọ wa wí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá ẹni tí ó dá wàhálà náà sílẹ̀ wí. Ní ọdún 2010 tí iPhone 4 jáde, gíláàsì ni ẹ̀yìn rẹ̀. Súkúrù méjì péré ní ìsàlẹ̀ ni ó dì í mú. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lè tú súkúrù méjì yẹn, kí ó ti gíláàsì náà sókè díẹ̀, kí ó yọ ọ́, kí ó fi òmíràn sí i, kí oníbàárà sì máa bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí wọ́n lo irin fún ọdún mélòó kan. Ní ọdún 2017 tí iPhone 8 àti iPhone X dé, gíláàsì padà wá, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí fóònù máa gba iná láìlo wáyà, irin kì í sì í jẹ́ kí iná bẹ́ẹ̀ kọjá. Ìdí yìí dára, a kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ohun tí a ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n fi gúlù lẹ gíláàsì náà mọ́ irin bí ẹni pé kò gbọdọ̀ ṣí títí ayé, wọ́n sì jó òrùka irin tí ó yí kámẹ́rà ká mọ́ ara fóònù. Gíláàsì ni. Yóò fọ́. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé yóò fọ́.

Bí ẹnì kan bá sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọn ì bá fi ṣe é, ẹ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ kan náà ni ó já ara rẹ̀ nírọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n mú iPhone 14 jáde, wọ́n sì mú iPhone 14 Pro Max jáde lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tún inú ti àkọ́kọ́ tò, tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ fi lè ṣí lọ́tọ̀: súkúrù méjì, ìgbóná díẹ̀, wáyà kan tí a ó já, ó tán. Ti èkejì, wọ́n fi í sílẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà náà ní Amẹ́ríkà, dọ́là 169 ni ilé iṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò san owó ìdáàbòbò láti pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀yìn iPhone 14. Ti Pro Max? Dọ́là 549. Gíláàsì ni méjèèjì o! Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ju bí a ṣe to ilé tí a fi í bò lọ. Nígbà tí ó di ọdún 2023, gbogbo iPhone 15 ni wọ́n ṣe bí ti 14 lásán. Èyí fi hàn pé láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tí ó fẹ́ ṣe é dáadáa lè ṣe é dáadáa.

Àwọn ará Yúróòpù ti ta jí. Láti ọjọ́ ogún oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin wọn ti ní kí ẹni tí ó bá ń ta fóònù tuntun ní ilẹ̀ wọn rí i pé àwọn ẹ̀yà tí a fi ń tún un ṣe wà fún ọdún méje, ó kéré tán, lẹ́yìn ìgbà tí ó bá dẹ́kun títà á. Ilẹ̀ wa kò ní irú rẹ̀. Ohun tí a ní ni ọjà, bíléèdì àti ọmọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí pẹ̀lú, kí àwọn tí kò lo fóònù olówó ńlá má bàa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Samsung náà ti ń fi gíláàsì sí ẹ̀yìn àwọn Galaxy S láti orí S6 ti ọdún 2015. Ti Samsung rọrùn ju ti iPhone àtijọ́ lọ, ìgbóná àti sùúrù ni ó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti Itel tí ó wà lọ́wọ́ wa ní ike lẹ́yìn. Ike kì í fọ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì rí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ láti dá a lóhùn nítorí pé fóònù rẹ̀ jẹ́ oníke.

Ó yá, kí a wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀yìn fóònù, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Irọ́ ni. Lábẹ́ gíláàsì yẹn ni wáyà tí a ká bí òṣùká wà, èyí tí fóònù fi ń gba iná láìlo wáyà ìta. Bátìrì wà níbẹ̀. Ojú kámẹ́rà wà níbẹ̀, iná kámẹ́rà wà níbẹ̀, àti ihò kékeré tí ohùn ń gbà wọlé. Gúlù tí ó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí omi àti eruku wọlé. Ẹni tí ó bá ki bíléèdì bọ etí gíláàsì láìmọ ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà ń fọ́jú gúnyán ni.

Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹnjiníà yóò kọ́kọ́ yẹ fóònù náà wò níwájú olóhun: ṣé kámẹ́rà ń ríran, ṣé iná rẹ̀ ń tàn, ṣé ó ń gba iná láìlo wáyà. Yóò jẹ́ kí iná inú bátìrì lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ, kí ó sì pa fóònù náà pátápátá, nítorí bátìrì tí ó kún burú ju èyí tí kò kún lọ bí irin bá gún un. Bí ó bá jẹ́ Samsung tàbí iPhone 14 lásán tàbí àwọn tí ó tẹ̀ lé e, yóò mú etí rẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀ yípo, kì í ṣe lójú kan, títí yóò fi gbóná ju ohun tí ọwọ́ fẹ́ràn lọ díẹ̀. Yóò fi rọ́bà amúǹkan fà á sókè, kí ó ki ike pẹlẹbẹ bọ ibi tí ó bá là, kí ó máa fi í gé gúlù lọ ní etí nìkan, láìkì í wọnú. Bí ó bá le, yóò kán sípíríìtì sí i, yóò sì dúró. Yóò rántí pé wáyà lè wà láàárín gíláàsì àti inú fóònù, kò ní já a bí ẹni já ewé. Lẹ́yìn náà yóò ha gúlù àtijọ́ kúrò tán, yóò nu ojú rẹ̀, yóò fi gúlù tuntun tí a gé fún irú fóònù náà sí i, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú.

Ti iPhone 8 títí dé 13, pẹ̀lú 14 Pro, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é ní ọjà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi bílówà yan ẹ̀yìn náà, kí wọ́n sì máa fi bíléèdì họ gíláàsì ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni tí ń họ ìpẹ́ ẹja. Bátìrì wà nínú níbẹ̀, ó ń gba ìgbóná. Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ lésà. Ìmọ́lẹ̀ lésà yóò gba inú gíláàsì kọjá láìpa á lára, yóò sì jó ọ̀dà àti gúlù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí gíláàsì yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ọ̀nà yìí sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀, bí ẹni tí ń lò ó bá mọ̀ ọ́n. Bí kò bá bo ojú kámẹ́rà, lésà lè ba ohun tí ó wà nínú kámẹ́rà jẹ́. Bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù níbi wáyà tí ó rí bí òṣùká, gbígba iná láìlo wáyà ti di ìtàn.

Èyí tí ń bí wa nínú jù ni ti ẹ̀yìn tí ó ṣí fúnra rẹ̀. Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Kánò, ẹni tí ó wà níbí mọ̀ ọ́n. Ènìyàn yóò fi fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, tàbí kí ó máa lò ó bí ó ti ń gba iná, bátìrì tí ó ti gbó yóò sì wú bí àkàrà nínú epo, yóò ti gíláàsì ẹ̀yìn sókè. Olóhun yóò gbé e wá, yóò ní, 'Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́.' Ẹnjiníà wa yóò sì lẹ̀ ẹ́! Yóò fi gúlù yí etí rẹ̀ ká, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bátìrì tí ó wú, yóò fi rọ́bà dì í, yóò gba owó. Fóònù yẹn yóò lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ọlọ́mọ. Bátìrì tí ó wú kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń gún, kì í sì í ṣe ohun tí à ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí kò tún nǹkan ṣe, ó di ẹrù iná fún ènìyàn gbé lọ sílé ni.

Ní ti irọ́ pípa, ẹ jẹ́ kí a ka díẹ̀ nínú wọn.

Irọ́ kìn-ín-ní: 'Ojúlówó ni.' Ọ̀pọ̀ gíláàsì tí ń bẹ ní ọjà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí bí a bá sọ ọ́. Irú kan wà tí ihò kámẹ́rà rẹ̀ fẹ̀, kí a lè gbé e kọjá lórí òrùka kámẹ́rà láìyọ òrùka náà. Irú mìíràn wà tí ihò rẹ̀ kéré bí ti àtilẹ̀wá, èyí tí a kò lè fi sí i àfi kí a kọ́kọ́ yọ òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn. Oníhò fífẹ̀ yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n àlàfo wà níbi òrùka náà tí gúlù nìkan dí. Bí gúlù náà kò bá dára, nígbà tí ọyẹ́ bá dé tí eruku aṣálẹ̀ sì bo ìlú, a ó rí ohun tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Gúlù ọlọ́pọ́n, èyí tí wọ́n ń fún jáde bí ọṣẹ ìfọyín, ni àwọn kan ń lò fún gbogbo rẹ̀, wọn kì í sì í dúró kí ó gbẹ.

Irọ́ kejì: 'Omi kò lè wọ̀ ọ́.' iPhone 12, 13, 14 àti 15, nígbà tí wọ́n jáde tuntun, ni wọ́n dán wò fún omi tí ó jìn ní mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú 30. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààbò yìí kì í ṣe títí láé, pé ó ń dínkù bí fóònù bá ti ń gbó. Bí ẹni tí ó ṣe é kò bá lè búra, kí ni ó fún ẹni tí ó fi bíléèdì ṣí i lábẹ́ agboòrùn ní ẹnu láti búra? Àwọn oníbàárà wa ní ìlú yìí, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Omi kò jìnnà sí àpò wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Kí ni ó le nínú gbólóhùn kan yìí?

Irọ́ kẹta ni ó tóbi jù, nítorí pé àwọn olówó wà nínú rẹ̀. Fóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́ ni àwọn oníṣòwò kan ń rà ní owó pọ́ọ́kú, tí wọn yóò sì gbé e fún ẹnjiníà ní òru kí ó fi gíláàsì tuntun sí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò tò ó sórí tábìlì, wọn yóò pè é ní èyí tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé láìfọwọ́kàn. Òfin Àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje nínú ọjà àti ààbò oníbàárà ní pé ẹni tí ó bá ń ta ohun tí a ti lò tàbí tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùrà mọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ìwà nìkan ni a ń sọ, òfin wà nínú rẹ̀. Ẹnjiníà tí ó mọ̀ pé títà ni wọ́n fẹ́ tà á báyìí, tí ó sì bá wọn ṣe é ní òru, kí ó má ṣe rò pé oníṣòwò nìkan ni ó jẹ̀bi.

Àwọn tí ń takò wá ti wí fún wa pé, bí àwọn bá sọ gbogbo èyí fún oníbàárà, yóò kúrò lọ́dọ̀ àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan yóò lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń padà wá lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ariwo àti ọlọ́pàá? Kì í ṣe ẹni tí a sọ òtítọ́ fún. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé gíláàsì yìí kì í ṣe ti àtilẹ̀wá, pé kí òun má jẹ́ kí omi kàn án, tí ó sì ní, 'Ṣe é bẹ́ẹ̀,' kò ní ẹjọ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ. Ìgbà mìíràn sì wà tí òtítọ́ jẹ́ kí a má ṣe iṣẹ́ náà rárá. Bí igun kan péré bá là, tí gíláàsì kò já bọ́, tí kò sì sí ohun tí ó ṣe kámẹ́rà, ẹ fi tápù bo ojú ibi tí ó là, kí ẹ ta páòṣì, àpò rọ́bà tí a fi ń bo fóònù, fún olóhun, kí ó máa lọ. Èrè páòṣì kò tó ti gíláàsì. A mọ̀.

Ẹlòmíràn tún ní, 'Ẹ fi wá sílẹ̀, nínú fídíò àwọn ará Ṣáínà kì í bo ojú.' Èyí ni ó mú wa dé ibi tí ọkàn wa ti gbóná jù.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ lésà tí a ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Ìwọ̀n rẹ̀, 1,064 nánómítà, wà ní òdìkejì ibi tí ojú ènìyàn mọ. Nítorí pé ojú kò rí i, kò ní ṣẹ́jú, kò ní yẹra. Bí ó bá ta lu irin fóònù tí ó sì padà wọ ẹyin ojú, yóò jó ẹ̀yìn ojú láìdun ènìyàn. Ọmọ náà kò ní kígbe. Yóò kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ibi dúdú kan wà láàárín ohun tí òun ń wò, ibi dúdú yẹn kò sì ní lọ mọ́. Awò ojú oníṣẹ́ irin lásán kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni awò oòrùn tí wọ́n ń kiri ní títì kò lè gbà á. Awò tí a ṣe fún lésà yìí, tí a kọ 1064 sí lára, tí ó sì jẹ́ ojúlówó, ni ó lè gbà á, ìdérí ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹnjiníà tí kò ríran, kí ni yóò fi tún súkúrù wínníwínní yẹn tú?

Èéfín ọ̀dà àti gúlù tí ó jóná kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó yẹ kí ẹ̀rọ wà tí ń fà á jáde. A mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju àkéte lọ ni púpọ̀ nínú wọn wà, tí ilẹ̀kùn wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ti àwọn tí ń fi bíléèdì họ gíláàsì kò sàn: ìyẹ̀fun gíláàsì ń fò, ó ń bọ́ sójú, ó ń bọ́ sínú oúnjẹ tí wọ́n jẹ lórí tábìlì kan náà. Ọ̀gá yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yóò tẹ orí ba ẹ̀rọ náà. Ìyá ọmọ yẹn san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ o. Àwọn mìíràn nínú àwọn ìyá wọ̀nyí fi èrè gààrí àti elùbọ́ san án. Wọn kò sanwó kí a fi ojú ọmọ wọn kọ́ bí a ṣe ń lo lésà.

Bí a bá sọ èyí fún àwọn ọ̀gá kan, wọn a ní àwọn náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lésà kò sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, nítorí náà wọn kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti orúkọ. A ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Bí ẹnjiníà kan láti ilé wa bá ba fóònù ènìyàn jẹ́, a kì í dárúkọ òun tìkára rẹ̀. 'Bayarabe ne,' ni a ó gbọ́, Yorùbá ni. Ọ̀rọ̀ kan yẹn yóò gba ẹnu dé ẹnu, yóò kan télọ̀ tí kò mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀, yóò kan olùkọ́, yóò kan ìyá tí ń ta aṣọ. Bákan náà ni ó ń rí bí iṣẹ́ bá dára. Àwọn Alhaji kan wà ní ìlú yìí tí kì í gbé fóònù wọn fún ẹlòmíràn àyàfi ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe nítorí ojú wa. Àwọn ọmọ Háúsá tí ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, àwọn Ìgbò pọ̀, akíkanjú sì wà nínú wọn. Bí wọ́n bá ń sọ òtítọ́ tí àwa kò sì sọ ọ́, kí a má dá ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́bi nígbà tí ọjà bá kúrò lọ́wọ́ wa.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà a ń pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ sí iṣẹ́. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń pè wá jókòó sí àga iwájú nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ń gba òmìnira, tí ẹ ń gbàdúrà lé e lórí, tí ẹ sì ń jẹ ìrẹsì. A ń fẹ́ kí ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó jókòó: Ṣé ọmọ yìí mọ bátìrì tí ó wú tí ó bá rí i? Ṣé ó ní awò lésà tirẹ̀? Ṣé ó lè kọ ọ́ sórí ìwé fún oníbàárà, ní èdè tí oníbàárà gbọ́, irú gíláàsì tí ó fi sí i? Bí èsì kan bá jẹ́ rárá, kí ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé, kí ìrẹsì náà tutù.

A tún ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tẹ ìwé rìsíìtì tí ó ní ààyè fún ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: gíláàsì àtilẹ̀wá tàbí àfirọ́pò, ihò fífẹ̀ tàbí ihò kékeré, bí kámẹ́rà ti rí kí a tó ṣí i, àti pé a kò ṣe ìlérí nípa omi. Owó ìwé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí kò bá lè dá tẹ tirẹ̀, kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pawọ́ pọ̀. Kí ẹ kọ ọ́ ní Háúsá pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń sanwó.

Ẹnjiníà tí ó bá ní èsì sí ohun tí a kọ yìí, ẹnu rẹ̀ kò di. Kí ó wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí ó dìde, kí ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kí ó mú awò ojú tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń lò dání, kí a rí i.